Ìyàwó Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Èmi Tàjùdéèn, akọ̀wé ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò mutí, mi ò sì mu sìgá. Etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ. Rùkáyàt ìyàwó mi náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ká sọ ọ́.

Ọdún 2004 ni. Màmá Morádéyọ̀, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Agric, n'Ìkòròdú. Òṣèré ni wọ́n nígbà èwe wọn, lásìkò tí obìnrin tó bá ń gun orí ìtàgé kò níyì lójú ará ilé rẹ̀. Orin àti ẹ̀fẹ̀ ni eré wọn. Màmá á kan ilẹ̀kùn pákó orí ìtàgé, wọ́n á kọrin pé, "Baálé mi, ṣílẹ̀kùn, òjò ń pa mí o." Fàsásì, ọkọ wọn nínú eré, á dáhùn láti ẹ̀yìn pákó pé, "Irọ́ ni! Ìyàwó mi ti wọlé tipẹ́!" Èrò á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni Fàsásì á ṣílẹ̀kùn, Màmá á wọlé, eré á parí.

Ẹgbẹ́ eléré yẹn ní òfin. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìdáhùn kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìtàgé. Ẹni tó bá sì dáhùn fún ẹlòmíì ti gba ipò onítọ̀hún nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ní Ejìnrìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kí Fàsásì tó dé láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti fẹ́ gúnlẹ̀. Màmá kọrin, kò sí ìdáhùn. Màmá tún un kọ. Èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Àṣé ọkọ̀ ti dojú dé lórí ọ̀sà. Wọn ò rí òkú Fàsásì dòní. Màmá ò ṣeré mọ́.

"Tàjù," wọ́n á ní, "mo ṣì wà lórí ìtàgé o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kú báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé wọn lọ sí ọjà etí ọ̀sà ní Ejìnrìn, níbi tí wọ́n ti ṣeré ọjọ́ náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Màmá fi ìka kan òpó ìsọ̀ kan, wọ́n kọrin. Ohùn wọn dùn, mo búra.

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Wọ́n tún un kọ, wọ́n ń wo omi. Ojú wọn dà bí ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé. Àánú wọn ṣe mí kọjá bó ṣe yẹ. Mo la ẹnu: "Irọ́ ni! Ìyàwó mi ti wọlé tipẹ́!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Màmá yíjú sí mi. "Háà, Tàjù. Ta ló ní kóo dáhùn?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ lè sinmi báyìí."

"O dáhùn. O ò ṣílẹ̀kùn."

Ọjọ́ kẹfà, wọ́n sùn, wọn ò jí.

Sátidé tó tẹ̀lé e, aago mẹ́rin, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. "Baálé mi, ṣílẹ̀kùn…" Ohùn Màmá ni. Rùkáyàt di apá mi mú.

"Ẹ má ṣí i o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i."

Sátidé mẹ́ta ni Màmá fi dúró síta. Ojú ń tì mí. Ìyá tó pọ̀n mí! Ní Sátidé kẹrin, bí wọ́n ṣe kọrin tán, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Kí n tó yí i, ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú yàrá tí Màmá ń sùn tẹ́lẹ̀.

"Irọ́ ni! Ìyàwó mi ti wọlé tipẹ́!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá nínú yàrá náà, ẹ̀rín ọmọge. Inú mi dùn títí mo fi sunkún.

Ẹnìkan tún kan ilẹ̀kùn ìta.

"Baálé mi, ṣílẹ̀kùn, òjò ń pa mí o."

Kì í ṣe ohùn Màmá. Ohùn Rùkáyàt ni. Rùkáyàt sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di apá mi mú, kò la ẹnu.

Mi ò tíì dáhùn.