Wákàtí Kan Kí Omi Tó Kún

Òpó ni Hameedah kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó gbé e. Ọ̀sán Sátidé ni, Rye Lane kún fọ́fọ́, òpó dúdú kan tó gùn ju ènìyàn méjì lọ sì ń bọ̀ láàárín èrò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kọjá, ó yà fún obìnrin tó pọn ọmọ, ó sì kù díẹ̀ kó gún òkìtì iṣu tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Ẹ dúró! Brother, ẹ dúró!" Hameedah ti pariwo kó tó mọ̀ pé òun ló ń pariwo.

Òpó dúró. Ọkùnrin kan yọjú lábẹ́ rẹ̀, ó ga, òógùn bò ó lójú, àpò ńlá kan sì wà léjìká rẹ̀. Ó wo iṣu, ó wo Hameedah, ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí Hameedah bá tirẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

"Thank you, sister. Van mi wà lọ́dọ̀ mechanic, bus driver sì ní òun ò lè gbé mi. Bus mẹ́ta ti kọjá."

"Wọn ò jẹ̀bi. Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Ṣé aṣọ gbogbo Peckham lẹ fẹ́ sá sórí rẹ̀ ni?"

"Windsurfing ni. Òpó ìgbòkun nìyí, ìgbòkun fúnra rẹ̀ ló wà nínú bag. Mo máa ń kọ́ àwọn beginners."

Hameedah la ẹnu, kò lè pa á dé. Láti ìgbà ọdún Iléyá tó kọjá ló ti ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wọn, àwọn obìnrin náà sì ti ní ìpàdé oṣooṣù ti sú àwọn, àwọn fẹ́ kọ́ ohun kan tí àwọn ò ṣe rí. Mẹ́fà ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ dúró lórí pákó kí atẹ́gùn máa gbé àwọn lọ lórí omi. Wọ́n ti ra aṣọ omi tó bo ara dáadáa. Olùkọ́ àti ibi tí wọ́n máa lò ló kù.

"Ṣé ẹ lè kọ́ obìnrin mẹ́fà tí wọn ò mọ omi rárá?"

"Mo lè kọ́ wọn. Ibi tá a máa lò ló le."

Ó di orí òpó kan mú, Hameedah di ìkejì mú, wọ́n gbé e títí dé Peckham Rye níbi tí ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà ti ń dúró dè é pẹ̀lú mọ́tò. Kí wọ́n tó débẹ̀, Hameedah ti mọ̀ pé Sherifdeen ni orúkọ rẹ̀, pé Brockley ni wọ́n bí i sí, pé káfíńtà tó ń kan kíṣìnnì sílé àwọn ènìyàn ni. Ó tún mọ̀ pé kò tíì níyàwó. Bó ṣe béèrè èyí láì béèrè rẹ̀, àwọn obìnrin mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá Hameedah, Alhaji Ṣàmsúdéènì, gbọ́ ìròyìn náà nínú fúláàtì wọn ní Walworth. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù tíì wọn kalẹ̀.

"Wá omi tó o bá fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ àti ọkùnrin kan ò ní máa dá rìn kiri. Aunty rẹ máa bá yín lọ."

Aunty Àsúmáù ni ẹ̀gbọ́n Alhaji, àwọn ló sì tọ́ Hameedah láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Aunty dàgbà sọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà. Ìbàdàn ni Alhaji dàgbà sí ní tiwọn, wọn ò sì fẹ́ràn omi kankan tó bá ti ju ti inú búta lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Aunty gbé àga tó ṣeé ká àti fláàsì tíì, wọ́n sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì níwájú ọkọ̀ Sherifdeen.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ," ni wọ́n wí. "Bí mo bá sùn, mi ò gbọ́. Bí mo bá jí, mo gbọ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá omi kiri ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Wọ́n lọ sí adágún kan nítòsí Rotherhithe. Omi tẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé gogoro yí i ká, atẹ́gùn ń gba ọ̀tún wá, kó o tó ṣẹ́jú, ó ti gba òsì. Sherifdeen fúnra rẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, Aunty sì rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí wọn láṣọ. Wọ́n dé ibòmíràn, ó jìn jù. Wọ́n dé etíkun kan ní Sussex tó rẹwà débi pé Hameedah ti ń ya fọ́tò, ni Sherifdeen bá mi orí.

"Èyí ló burú jù. Ẹ̀yìn wa ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, ó ń fẹ́ lọ sínú òkun. Ẹni tí kò mọ̀ á ní omi yìí calm. Tó bá gbé e lọ báyìí, France ló kù."

"Kí la wá ń wá gan-an?"

"Omi tó tẹ́, tí kò ju ìbàdí lọ, kí ẹni tó bá ṣubú kàn dìde dúró. Iyanrìn nísàlẹ̀, kì í ṣe òkúta. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, tó ń dá èèyàn padà sílẹ̀. Tí kò le, tí kò sì rọ̀ jù."

"Èmi rò pé ìyàwó ló ń wá," ni Aunty wí. Ojú wọn wà ní dídì.

Hameedah kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi padà sílé, Sherifdeen sì ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó mú ọkàn Hameedah kì í ṣe ẹ̀rín ọjọ́ kìíní mọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá dé, Sherifdeen á bọ́ bàtà, á wọ inú omi, á sì máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, síwá, sẹ́yìn, fún bí ìdajì wákàtí. Hameedah bi í nídìí rẹ̀. "Ibi tí wọ́n máa ṣubú sí nìyẹn," ni Sherifdeen dáhùn. "Ó yẹ kí ẹsẹ̀ tèmi kọ́kọ́ débẹ̀." Alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí Hameedah ti ń fọ abọ́, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i.

Ní September ni wọ́n rí i. Ní Kent ni, ní ibì kan tí odò ti ń wọ òkun. Iyanrìn nà jáde bí apá, ó dí ìgbì, omi ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Aunty ló kọ́kọ́ nawọ́ sí i.

"Ẹ wo ẹyẹ yẹn. Ó jókòó sórí omi, kò mì rárá. Bí omi ọ̀sà wa ṣe máa ń rí láàárọ̀ nìyẹn."

Sherifdeen tẹ̀ ẹ́ wò, inú rẹ̀ dùn bíi ọmọdé. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìgbà tí òkun bá kún nìkan ló ṣeé lò. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ lásán ni. Ó ra ìwé kékeré tí wọ́n kọ àkókò omi sí.

Aunty ti sùn lórí àga wọn, tàbí wọ́n ṣe bí ẹni tó sùn.

"Hameedah," ni Sherifdeen wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo fẹ́ rán àwọn èèyàn mi wá sílé yín."

"Kí wọ́n wá ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n wá kan kíṣìnnì."

Hameedah rẹ́rìn-ín, ó fi iyanrìn díẹ̀ jù ú lẹ́sẹ̀.

"O mọ ohun tí mò ń sọ, olólùfẹ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa ni."

Ṣùgbọ́n Alhaji ò gbà. "Ọkùnrin tó ń ṣeré lórí omi? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní." Hameedah bẹ̀bẹ̀, Aunty bá a bẹ̀bẹ̀, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí náà ránṣẹ́. Nígbà tó yá, Alhaji rọ̀ díẹ̀. "Kí òtútù lọ ná. Ní April, kó mú èmi náà lọ, kí n fi ojú ara mi rí ibi tó ń gbé ọmọ mi sí. Bí ọkàn mi bá balẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Bí kò bá balẹ̀, ó parí nìyẹn."

Hameedah mọ bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì ní South London, wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì mọ ara rẹ̀: kò ní fẹ́ ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ bá kọ̀. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, àdúrà kan náà ló ń gbà.

Ọjọ́ náà pé. Òkun yóò kún ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Sherifdeen sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì débẹ̀ ní aago mọ́kànlá àbọ̀, kí Alhaji lè rí omi náà bó ṣe ń kún tán. Alhaji bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àti fìlà wọn. Wọ́n wo iwájú.

Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ títí lọ, pẹ̀lú koríko díẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Omi dà?" ni Alhaji béèrè.

Sherifdeen wo aago rẹ̀. Ó yọ ìwé àkókò Ìrun mọ́ṣáláṣí rẹ̀ tó ká sínú àpò. Ara ògiri kíṣìnnì rẹ̀ ló máa ń wà, gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe lóṣù ló máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì da àkókò omi kọ sí. Ó wò ó, ó mú ìwé omi tuntun tó rà fún ọdún náà, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ní ìparí March ni wọ́n ti fi gbogbo aago ìlú síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ìwé mọ́ṣáláṣí ti tẹ̀ lé e, Ìrun Àílà ti bọ́ sí aago kan. Ìwé omi ò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, aago ìgbà òtútù ni wọ́n fi kọ ọ́ láti January títí dé December, wọ́n sì kọ bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wínníwínní.

Hameedah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rí i. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fa apá aṣọ rẹ̀. "Sherif, please. Sọ pé atẹ́gùn ló dá omi dúró. Daddy ò ní mọ̀."

"Èmi máa mọ̀," ni Sherifdeen fèsì. Ó rìn lọ bá Alhaji, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, sir. Omi ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó di aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Clocks ti change, mi ò fi wákàtí kan yẹn kún un. Àṣìṣe mi ni."

Alhaji wò ó pẹ́. "Wákàtí kan. Lórí omi, ṣé o mọ ohun tí wákàtí kan lè ṣe? Mo wa bus fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Hameedah ò mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú òun.

"Ṣàmsù," ni Aunty pè láti orí àga wọn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Sunday ọjọ́ kan nínú March, Hameedah ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ta ló jí, tó wẹ̀, tó jẹun, tó rọra rìn lọ síbi iṣẹ́, tí bus àkọ́kọ́ sì ti yẹ kó lọ láti wákàtí kan?"

Alhaji kọjú sí ẹrẹ̀.

"Kí lo sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà?"

Alhaji tún fìlà wọn ṣe. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Mo ní ara ọmọ mi ò yá."

"Ara ọmọ náà le koko," ni Aunty wí. "Ẹ bu tíì fún mi. Omi ń bọ̀."

Alhaji jókòó sórí òkúta kan. Wọn ò sọ pé àwọn máa dúró, wọ́n kàn jókòó ni. Hameedah bu tíì, Sherifdeen gbé búrẹ́dì àti ẹja díndín tí ìyá rẹ̀ dì fún wọn kalẹ̀, àwọn mẹ́rin sì jẹun. Oòrùn yọ díẹ̀.

Omi ò pariwo nígbà tó ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín ẹrẹ̀, ó yí koríko ká, ó sì gbé ọkọ̀ kékeré yẹn ró díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí aago méjìlá àbọ̀ lù, kò sí ẹrẹ̀ mọ́. Gbogbo ibẹ̀ tẹ́, ó ń dán.

Hameedah wọ aṣọ omi rẹ̀, ó gun pákó. Sherifdeen ò dì í mú, ó kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi, ó ń sọ fún un bí yóò ṣe fa ìgbòkun sókè. Atẹ́gùn gbá a mú, ó lọ bí ìwọ̀n ilé mẹ́ta, ó figbe ayọ̀ ta, ó sì ṣubú yakata.

Alhaji ti dìde dúró. "Hameedah!"

Ó dìde dúró nínú omi. Ìbàdí rẹ̀ ni omi náà dé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó nu ojú, ó juwọ́ sí bàbá rẹ̀, ó tún gun pákó.

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀meje, ó dìde lẹ́ẹ̀meje. Ní ìkeje, Alhaji ti bọ́ bàtà, wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè, wọ́n wà létí omi, wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

"Iyanrìn ni," ni wọ́n wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n kírun Àílà lórí koríko, Alhaji ló ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, Alhaji yíjú sí Sherifdeen.

"Irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ náà, ọ̀gá mi gbà á gbọ́. Ojú ṣì ń tì mí títí dòní." Wọ́n nawọ́ mú bàtà wọn. "Kí àwọn èèyàn rẹ wá ní Sunday tó ń bọ̀. Aago méjì."

"Yes, sir. Ẹ ṣé, sir."

"Aago méjì ti ìlú, kì í ṣe ti òkun."

Ní Sunday náà, Hameedah ṣí kọ́tìnì kíṣìnnì. Ọkọ̀ Sherifdeen wà nísàlẹ̀, níwájú fúláàtì. Òun ló wà nídìí ọkọ̀, bàbá rẹ̀ wọ agbádá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé abọ́ èso sórí itan. Kò sẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀ nínú wọn.

Alhaji dé ẹ̀yìn ọmọ wọn, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. "Aago mélòó ló lù?"

"Aago kan, Daddy."

Alhaji rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Hameedah ò tíì rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ.

"Lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn," ni wọ́n wí. "Ọmọ yẹn ti dúró tó."