Irin Tó Nípọn fún Ààrò Màámi

Apá Akọ̀wé ti kú tán nígbà tó tún gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin náà ní Akọ̀wé, torí pé kò sí nǹkan tí kì í kọ sílẹ̀. Ìwọ̀n irin yìí náà, mìlímítà mẹ́fà, àtẹ́lẹwọ́ ló kọ ọ́ sí. Láti ìgbà tó ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ kan péré ló tíì gé.

Ààrò irin ló ń ṣe fún ìyá rẹ̀. Ẹran yíyan ni ìyá náà ń tà, ìdí iná gbangba ló sì ti ń dúró yan án láti ọdún mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Dókítà ní kó yéé dúró pẹ́, ṣùgbọ́n iná gbangba kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Bí o bá yíjú, ó ti kú. Bí o bá tún yíjú, ó ti jó ẹran.

Àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà, Bọ̀dá Wẹ́dà, ló ya ààrò náà sórí ìwé, ló sì ní kó máa lo ṣọ́ọ̀bù òun. Kó tó lọ ṣiṣẹ́ níta, ó fi irin méjì hàn án lára ògiri.

"Èyí tó fẹ́lẹ́ yìí, ìdérí ni. Èyí tó nípọn ni kó o fi ṣe ibi tí iná máa wà. Òun ló máa gba ooru mọ́ra, kí ìyá ẹ lè ráyè jókòó. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbọ́ o. Etí kọ́ ló ń dùn ún, apá ni. Ó ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì, oorun sì ti ń kùn ún. Ó ju irin tó nípọn sílẹ̀, ó fa èyí tó fẹ́lẹ́. Ìyẹn ò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ dáná sí i. Kò pẹ́ tí irin náà fi wọ́, tí ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ là sílẹ̀, tí ooru sì ń sá jáde. Ìyá dìde, ó kó igi sí i, ó jókòó. Ó tún dìde. Nígbà tó di ọ̀sán, kò wulẹ̀ jókòó mọ́.

"Ó dáa, ọmọ mi," ló wí, ó fara ti tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sinmi lórí èkejì. "Ó kàn ń fẹ́ kéèyàn dúró tì í ni."

Ì bá sàn fún Akọ̀wé ká ní ó bú u.

"Màámi, irin tó fẹ́lẹ́ ni mo lò. Bọ̀dá ní kí n lo èyí tó nípọn. Ó rẹ̀ mí ni."

Ìyá rẹ̀ tún ju igi kan sínú iná.

"Ó rẹ èmi náà," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Akọ̀wé fi gé ibi iná náà kúrò, tó fi irin tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá kó igi sí i, ó ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń retí kí iná pe òun. Iná ò pè é. Nígbà tó yá, ó sùn lọ lórí ìjókòó, bàtà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Akọ̀wé ń wo ẹsẹ̀ wíwú náà. Ó wá yé e pé iṣẹ́ tí òun sá fún lọ́jọ́sí kò pòórá. Ẹsẹ̀ ìyá òun ló bá òun ṣe é.