Ẹni Tó Ń Fi Omi Ardith Wẹ̀

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà mí gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àlọ́. Mo mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kan ilẹ̀kùn páànù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbóná.

Ardith Kvamme ni orúkọ obìnrin náà. Inú ilé onítáyà ló ń gbé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ́ kiri, ní àgọ́ kan lẹ́yìn ìlú Yuma, níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn arúgbó tó ń sá fún yìnyín ìhà àríwá ló kún àgọ́ náà. Ilé onítáyà ti Ardith ti pẹ́ láyé ju ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Páànù ni gbogbo ara rẹ̀, Wendell ọkọ rẹ̀ a sì máa fi àkísà nù ún títí yóò fi máa dán. Tí ẹgbẹ́ àwọn tó ní ilé onítáyà àtijọ́ bá ṣe ìpàdé wọn, tí kálukú ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí àlejò wọlé wá wò, ọ̀dọ̀ Wendell ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Wọ́n á ní kò sí ihò kan lára rẹ̀ tí kò ti sí níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Láàárín wọn, ẹni tó bá gé ara ilé àtijọ́, àfi bí ẹni tó gé ìyá rẹ̀ lọ́bẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́ nínú ilé náà: ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Wendell ní ó ti kú. Ó ní òun ò rí tuntun tó máa wọ ihò rẹ̀ láìgé páànù, òun ò sì ní gé páànù nítorí omi ìwẹ̀. "Omi tútù ń mú ara le," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lọ́dọọdún, Ardith a gbé aṣọ ìnura kọ́ èjìká, a gba inú afẹ́fẹ́ tútù lọ sí ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò ní ìpẹ̀kun àgọ́. Làkúrègbé ti wọ ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ wú, ó wọ́, bí òtútù bá sì mú kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀. Tó bá padà dé, Wendell á ti wẹ̀, omi á máa kán ní irun rẹ̀, á ti jókòó ti kọfí.

"Ṣé omi wọn gbóná lónìí?" ni yóò bi í.

"Ó gbóná," ni Ardith yóò dá a lóhùn.

Obìnrin náà tún máa ń rí igi ìṣáná tó ti jó lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé. Wendell sì ti búra fún dókítà pé òun ò ní mu sìgá mọ́. Ardith bá a jà. Ọkùnrin náà tẹ orí ba. "Mo jẹ̀bi," ló wí, "kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó ń ṣẹlẹ̀. Ardith ń gbá igi ìṣáná dànù, ó ń gbàdúrà fún ẹ̀dọ̀fóró ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Wendell wá kú, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ilé onítáyà yìí nìkan ló kù fún Ardith. Ohun kan ló sì ń fẹ́ kí òtútù tó dé. Ó fẹ́ omi gbígbóná tó lè ki ọwọ́ bọ̀, nínú ilé ara rẹ̀, kó tó sùn. Ohun tí kò tó nǹkan ni. Ó ránṣẹ́ sí Royce, ọkùnrin tó ń tún ilé onítáyà ṣe kiri àwọn àgọ́.

"Ẹ wò ó, mà," ni Royce wí. "Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́, irú èyí tẹ́ ẹ ní náà: ó ní táǹkì, ìta lẹ ti máa fi ìṣáná tàn án. Èkejì ní táǹkì, àmọ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì nínú ilé, á tan ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì máa wọ ihò yìí. Ẹ̀kẹta ò ní táǹkì. Omi ń gbóná bó ṣe ń kọjá, kì í sì í tán. Òun ló dáa jù. Àmọ́ màá gé páànù díẹ̀ sí i."

"Gé e," ni Lupe Barraza wí. Opó lòun náà, òdìkejì ọ̀nà ló ń gbé. Ó ti gbé àga jáde wá wòran, ó ń jẹ ẹ̀wà tó fi tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, wé. "Òkú ò ní wá wọn ihò."

Ardith la ẹnu láti ní kó gé e. Ohun tó jáde ni, "Má gé ara rẹ̀."

Lupe gbé oúnjẹ sí orí itan. "Ìwọ obìnrin yìí. Ó kú tán, o ṣì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Àwọn ẹgbẹ́ onílé àtijọ́ ń bọ̀ wá wo ilé. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé o wẹ̀."

Ardith ò rẹ́rìn-ín. Èkejì ló mú, ti bọ́tìnnì. Ó ní òun ò fẹ́ rí ìṣáná mọ́ láyé òun. Ó tún ní kí Royce tú àmì ilé iṣẹ́ lára ilẹ̀kùn ẹ̀rọ àtijọ́, kó kàn án mọ́ ti tuntun, kí ojú ilé lè wà bó ṣe wà.

Royce fa ẹ̀rọ àtijọ́ jáde. Ó gbé e sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó wò ó títí Lupe fi ní ṣé ejò ló rí ni.

"Mà, ta ló sọ fún yín pé eléyìí ti kú?"

"Ọkọ mi."

"Kò kú o." Ó fi ìka ra ibi tí iná ti ń jó, ó na ìka dúdú náà sí wọn. "Èéfín àìpẹ́ nìyí. Wọ́n ń nù ún, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ gan-an ni. Ibo lẹ ti ń ṣí gáàsì ẹ̀?"

Ardith ò mọ̀. Royce tọ ọ̀nà gáàsì náà wọlé. Ó gbé pákó lábẹ́ ibùsùn, lápá ibi tí Wendell máa ń sùn sí. Ọwọ́ idẹ kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń yí láti ṣí gáàsì. Gbogbo idẹ yòókù lábẹ́ ibẹ̀ ti dúdú. Èyí ń dán, bí ohun tí ọwọ́ èèyàn ń kàn lójoojúmọ́.

"Tí wọ́n bá ti ṣí i báyìí," ni Royce wí jẹ́jẹ́, "wọ́n á jáde síta lọ tàn án. Ìṣáná ni wọ́n fi ń tàn án."

Ardith jókòó. Ó rí irun tó ń kán tótó. Ó rí kọfí. Ó rí ọkùnrin tó tẹ orí ba, tó gba ẹ̀ṣẹ̀ sìgá tí kò mu. Inú bí i.

"Kí ló dé tí kò lè sọ fún ìyàwó ẹ̀?" ni Lupe bi Royce, bí ẹni pé Royce ni ọkọ náà.

Royce ò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Táǹkì ẹ̀ kéré. Ẹnì kan ló lè wẹ̀ kó tó tutù."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru ẹrù rẹ̀ délé. Irọ́ ni. Wendell ò ru nǹkan kan. Orí ibùsùn ló kú sí, ara rẹ̀ mọ́.

Royce de ẹ̀rọ tuntun mọ́ ihò, ó kan àmì àtijọ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná gbà. Wọ́n dúró dìgbà tí omi gbóná. Royce ṣí táàpù nínú balùwẹ̀, èéfín omi bo dígí. Lupe na ọwọ́ sí i, ó fà á padà kíá. "Ó fẹ́ẹ̀ bó mi."

Ardith wọlé. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ omi náà.

Ó tutù bí omi ìsàlẹ̀ kànga.

Royce fi ìka kàn án. Ó tutù lóòótọ́. Ó yẹ ẹ̀rọ wò, iná ń jó. "Ẹ jáde díẹ̀, mà." Ardith jáde. Omi gbóná. Ardith wọlé. Omi tutù. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí Royce fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó ní nǹkan kan wà tí òun máa lọ mú wá. Kò padà wá. Tí Ardith bá pè é, kì í gbé fóònù.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Ardith rò ó títí, ó gbé aṣọ ìnura kọ́ èjìká bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ní ọ̀nà mìíràn. Kò tíì jìnnà tó fi gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan ṣá ìṣáná. Lẹ́yìn náà iná gbà, wùù.

Ó dúró. Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Inú ilé rẹ̀ ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n èéfín omi ti mú fèrèsé balùwẹ̀ rẹ̀ funfun láti inú. Omi ń dà. Omi dá. Omi tún dà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ọṣẹ para, tó tún ń ṣan án.

Ó sáré padà, ó ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni. Ilẹ̀ gbẹ. Èéfín omi wà lára dígí, òórùn ọṣẹ sì wà. Ó ṣí táàpù. Omi tútù ló jáde.

Ní òwúrọ̀, igi ìṣáná jíjó kan wà lábẹ́ fèrèsé. Kò sí ìṣáná nínú ilé yẹn. Gbogbo ará àgọ́ mọ̀ pé Ardith ti kó wọn dànù.

Ohun tí Lupe rí ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òtútù mú gan-an ni mo fẹ́ fi pa ẹnu dé. Ó rí Ardith lẹ́yìn ilé onítáyà náà, aṣọ ìnura lórí èjìká, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ omi lára ògiri, níbi tí ooru ti ń jáde. Ó ń yáná. Nínú ilé, omi ń dà.

"Ardith," ni Lupe wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ta ilé yìí. Wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Kí n fi ooru tó ṣẹ́ kù yìí náà sílẹ̀ fún un?"

"Ọlọ́run mi, gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

"Ọwọ́ mi ń rọ̀ díẹ̀," ni Ardith wí. Ó ká ìka rẹ̀, ó tún na wọ́n. "Wò ó. Ó ń rọ̀."

Omi dá. Wọ́n gbọ́ ìró aṣọ lára ẹni tó ń nura. Lupe di apá Ardith mú, ṣùgbọ́n kò lè fà á. Ohùn ọkùnrin kan wá láti inú ilé, ohùn ẹni tí ara ti tù.

"Ardith, ṣé omi wọn gbóná lónìí?"

Ardith ò mú ọwọ́ kúrò lára páànù.

"Ó gbóná," ló dáhùn.