Ẹni Tí Kò Wí Pé "Á Gba Ibi Ire"

Wúràọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Adébùsóyè, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi nínú ilé wọn ní Oǹdó. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ń pe àga òfìfo wá jẹun."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, pẹ̀lú ìmọ̀ tí mo fi ń yangàn. Mo ní oògùn ló fà á. Jẹjẹrẹ ló mú ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ti fi ìtànṣán jó o, wọ́n sì ti ki rọ́bà kékeré bọ ọ̀fun rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ kí oúnjẹ lè ráyè kọjá. Kó tún lè jẹun bí ọmọ ènìyàn ni gbogbo àdúrà rẹ̀.

Wúràọlá gbé ògì síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹ wá jẹun o."

"Ta lẹ ń pè, Bàbá Lọ́lá?" Wúràọlá bi ọkọ rẹ̀.

"Bàbá tó bá wa wá láti Àkúrẹ́." Ohùn rẹ̀ ti há. "Kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá ní kéèyàn wá jẹun, ṣebí 'Á gba ibi ire' là á wí? Èyí ní, 'Mo ń bọ̀.'"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ògì yìí ò mà tó ẹni méjì."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ó ti sún mọ́ mi."

Ó gbé ẹnu kan mì. Ikọ́ gbá a mú. Ògì ń gba imú rẹ̀ jáde. Nígbà tí Wúràọlá máa fi gbé abọ́, abọ́ ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan péré ló gbé mì.

A dá a padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Dókítà fi àwòrán hàn wá: ihò ti lu láàárín ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí.

"Inú ẹ̀dọ̀fóró ni oúnjẹ ń lọ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kí ohunkóhun má gba ẹnu rẹ̀ mọ́."

Mo gba àwòrán náà, mo wá ibi tí gbogbo ìwé tí mo kà ti lè ta kò ó. N kò rí i.

Wọ́n fi rọ́bà mìíràn sí i láti ara ikùn. Nígbà náà, ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Kò lè pe ẹnikẹ́ni wá jẹun mọ́. Ìyẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agnes ń da oúnjẹ olómi sínú rọ́bà náà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ pọ̀ jù níbí. Ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn kó bọ́ síta."

"Bàbá wo, nọ́ọ̀sì?" Wúràọlá béèrè.

Agnes gbójú sókè, ó wò yíká, ó sì tún tẹjú mọ́ rọ́bà. Oúnjẹ ń lọ sílẹ̀ nínú rọ́bà. A gbọ́ ìró ọ̀fun tó ń gbé nǹkan mì, léraléra, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi wà ní pípadé. Ó ń wò mí bí ẹni tí ebi ń pa, títí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù lọ́wọ́ mi.

Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, ọdún 2023. Mo ka àwa tó wà níbẹ̀: Wúràọlá, Agnes, èmi, àti òkú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìró ọ̀fun náà kò tíì dáwọ́ dúró.