Orúnkún Tí Ìlara Wọ̀n

"Ẹ wá wo Dókítà wa o!" Àkíbù kígbe láti ẹ̀yìn kíláàsì. "Ìgbálẹ̀ ló fẹ́ fi wo aláìsàn!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ifáyọ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ó ń to ẹyọ ìgbálẹ̀ sáàárín rọ́bà méjì tó gé lára sílípáàsì, ó ń fi òwú dì wọ́n. Àǹtí Felicia, olùkọ́ bàólójì wa, dúró tì í.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí. "Làákàyè rèé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Èmi Kúlúsúmù ni mo ń gba ipò kìíní láti ọdún tí mo ti wọ ilé ìwé yìí. Mo máa ń pọn omi kún àgbá méjì kí n tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wá sí Bẹẹrẹ. Síbẹ̀, Àǹtí Felicia kò dúró tì mí rí kí wọ́n ní mo ní làákàyè. Ọmọ àdúgbò Ọ̀rányàn ni Ifáyọ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi, bàbá rẹ̀ a máa to egungun tó ṣẹ́. Lójú tèmi, wọ́n ti bí i mọ́ ọn.

Dókítà Ìkẹ́olúwa, oníṣègùn egungun kan, ló yá ilé ìwé wa ní ẹ̀dà egungun orúnkún ènìyàn tí wọ́n fi ike ṣe. Níbi tí egungun itan ti jókòó lé egungun ojúgun, ojú méjì ló wà níbẹ̀: ojú inú àti ojú ìta. Èmi àti Ifáyọ̀kẹ́ ni Àǹtí Felicia yàn pé kí á wọ̀n wọ́n, kí á ya bí wọ́n ṣe rí sórí pépà. Ẹni tí tirẹ̀ bá péye jù ni dókítà yóò mú lọ sí ibi iṣẹ́ wọn ní ọlidé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe orúnkún àtọwọ́dá fún àwọn àgbà tí tiwọn ti jẹ tán. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ nínú gbogbo ilé ìwé tó ń ṣe é.

Òwú àti rúlà ni mo fi wọn ojú inú. Ó jin bí inú ṣíbí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Nígbà tó kan ojú ìta, ó ti sú mi. Mo ní ojú egungun kan náà ni, kí ló máa mú wọn yàtọ̀? Mo da ìwọ̀n ojú inú kọ síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo rí iṣẹ́ Ifáyọ̀kẹ́. Ó tẹ ìgbálẹ̀ rẹ̀ lé ojú inú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sókè sódò bí egungun ṣe rí, ó wá fi bírò tọ orí wọn sórí pépà. Ìlà náà dán mọ́nránmọ́nrán. Inú mi gbóná bí ẹni gbé iná mì.

Nígbà tó lọ ra bọ́ọ̀lì, mo mú bíléèdì tí mo fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, mo gé orí ẹyọ mẹ́rin tó wà láàárín, bíi hóró ìrẹsì kan péré, kí ìlà rẹ̀ má baà péye mọ́. Ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Ó dé, ó wọn ojú ìta. Ó tẹjú mọ́ pépà títí. Ó wá fi àtàǹpàkò ra egungun náà.

"Kúlú, jọ̀ọ́, ojú ìta tìẹ jin ni àbí ó wú?"

"Ó jin. Bíi ti inú náà ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé o fẹ́ sọ pé mi ò mọ nǹkan wọ̀n ni?"

"Rárá o. Ọwọ́ mi ló ń sọ pé ó wú. Ṣùgbọ́n tí tìẹ àti tèmi bá dọ́gba, ọwọ́ mi ló parọ́."

Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Dókítà Ìkẹ́olúwa tẹ́ pépà wa méjèèjì síwájú.

"Ojú inú jin, ó dáa. Ojú ìta ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kàn án."

A fọwọ́ kàn án. Ó wú.

"Tí mo bá fi ìwọ̀n yìí ṣe orúnkún fún ìyá àgbà kan, yóò máa ro ó ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀. Kúlúsúmù, báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

Kí n tó dáhùn, Ifáyọ̀kẹ́ gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, Mà. Wọ́n ti gé e."

"Ta ló gé e?" ni Àǹtí Felicia bi wá.

"Eku ni, Mà!" ni Àkíbù dáhùn. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Dókítà di egungun wọn sínú báàgì. "Ẹ má bínú. Ilé ìwé kan ní Òkè Padre ti ṣe tiwọn, ó sì pé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa mú ọmọ."

Lẹ́yìn ilé ìwé, mo sáré tẹ̀ lé Ifáyọ̀kẹ́ títí dé ẹsẹ̀ òkè Mápó.

"Èmi ni mo gé e," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Eku kì í gé nǹkan gún régé báyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ń dúró dè ẹ́ kí o sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè ṣe wá láǹfààní."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún Àǹtí Felicia. Wọ́n pe dókítà lórí fóònù, ṣùgbọ́n àyè ti dí. Ilé ni àwa méjèèjì ti lo ọlidé. Tí a bá pàdé ní Ọjà'ba, Ifáyọ̀kẹ́ a kí mi, a sì kọjá.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Mo rò pé bí mo bá fa ẹlòmíràn sẹ́yìn, èmi ni n ó bọ́ síwájú. Àṣìṣe ńlá ni. Ìlara kò fi ìwọ̀n kan kún ìwọ̀n mi. Ó kàn gba àǹfààní lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí, ó sì gba ọ̀rẹ́ tó fọkàn tán mi lọ́wọ́ mi. Ìwọ tí ò ń kà á, iṣẹ́ tìrẹ ni kí o ṣe parí.