Ó Di Ẹ̀bi Ru Alásè

Orí tábìlì ni ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ fojú kàn án. Ẹ̀wù rẹ̀ ká dé àyà, ikùn rẹ̀ ń dán fún òróró, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti nǹkan kékeré kan kiri lórí ìhà bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Ọmọbìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò ńlá lọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá kí òun kí i ni tàbí kí òun sá.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé kí n padà wá ni?”

Ọkùnrin náà fò dìde, òróró ṣàn wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. “Rárá o, ẹ wọlé. Kíndìnrín mi ni mò ń wò.”

“Ṣé ó wà níbẹ̀?”

“Ó wà.”

“Ẹ kú oríire,” ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ kọjá lọ sídìí sítóòfù. Ojú ti ọkùnrin náà títí dé ọrùn. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìtìjú ló sì ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Láàbù yunifásítì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn kò tóbi ju ìwé lọ, nítorí ilé ìwòsàn kéékèèké tí kò lágbára ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ̀rọ náà á rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọ inú ara, á ka iye ìgbà tó gbà kí ìró náà tó ta padà, á sì fi mọ bí nǹkan ṣe jìn tó. Ọkùnrin yìí ló kọ́ ẹ̀rọ náà ní kíkà.

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti ṣe ara tí kì í ṣe ara. Yóò se jẹ́lì nínú ìkòkò, yóò ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá sínú àpótí kan, sẹ̀ǹtímítà kan láàárín okùn kan sí èkejì, yóò da jẹ́lì lé wọn, yóò sì gbé e sí fíríìjì kó dì. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé okùn wà níbi tí ọmọbìnrin náà ta á sí, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ń sọ òótọ́. Nítorí ìkòkò yìí ni gbogbo láàbù ṣe ń pè é ní Alásè. Òun náà kò jẹ́ kí ti ọkùnrin náà wọlẹ̀, Oníkíndìnrín ló sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí Oníkíndìnrín fi ń rí ìdí tí kò nídìí láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ń pè yín,” Alásè á ní.

“Jẹ́ kó pè. Ọ̀pá ìrokà yẹn wúwo jù fún ọ.”

“Ọ̀pá tí mo ti ń fi rokà láti oṣù méjì? Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wojú mi, kí n lè mọ bí n ó ṣe dá yín lóhùn.”

“Mo fẹ́ wojú rẹ.”

“Ó dáa, ẹ wò ó, àmọ́ ẹ bá mi di ìkòkò mú.”

Nígbà tó di oṣù kẹrin, “ẹ̀gbọ́n” ti di “olówó orí mi” níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́, Alásè sì ti mú un lọ kí bàbá rẹ̀. Télọ̀ ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló sì kù nínú ilé. Ó wo Oníkíndìnrín láti òkè délẹ̀, ó ní èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò burú, aṣọ lè bò ó. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ tí àlejò mẹ́rin wá láti ilé iṣẹ́ ìlera ni nǹkan bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò gbà á fún àwọn ilé ìwòsàn. Oníkíndìnrín pẹ́ dé. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló lọ, torí ó fẹ́ kí Alásè rí òun kí òun dùn ún wò. Ó sáré wọlé, ó fa jẹ́lì yọ nínú fíríìjì, ó gbé e lé tábìlì níwájú àwọn àlejò. Lórí ìdérí rẹ̀, Alásè ti fi gègé aláwọ̀ búlúù kọ ọ́ gàdàgbà: “Ẹ jẹ́ kó sinmi níta fún wákàtí mẹ́ta.” Nínú òtútù, ìró máa ń wọ́ ẹsẹ̀. Á pẹ́ padà, ẹ̀rọ á sì rò pé ọ̀nà ló jìn. Oníkíndìnrín mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Okùn kẹwàá wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹ̀rọ fi mìlímítà mẹ́rin lé e.

“Bó bá jẹ́ orí ọmọ ńkọ́?” ni àlejò kan bi í.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tó ni láàbù náà, yíjú sí i. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Oníkíndìnrín wo jẹ́lì náà. Omi ti sẹ̀ sí i lára wínníwínní. Ó mọ ohun tí òun ṣe lójú ẹsẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́ ibi olè. Ó la ẹnu.

“Ó ní láti jẹ́ pé okùn inú rẹ̀ ni kò tò dáadáa, mà. Èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Alásè rìn wá sídìí tábìlì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan jẹ́lì náà bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, ó wá gbójú sókè wo olólùfẹ́ rẹ̀. Ó dúró dè é. Ká ní ó sọ̀rọ̀ nígbà náà ni, ẹ̀rín ni ì bá já sí. Ṣùgbọ́n Oníkíndìnrín bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún Alásè pé kó lọ máa gbélé ná. Ó kó ìkòkò rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó sì lọ.

Nígbà tí jẹ́lì náà ti lo wákàtí mẹ́ta lórí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Oníkíndìnrín tún un wò. Okùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà níbi tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà. Ó tẹ àwòrán náà sórí ìwé, ó ká a, ó fi sápò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé e kiri. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tí ẹnìkan ò tíì mọ̀ kì í pa èèyàn, ó kàn ń jẹ ẹ́ lára ni. Kò lè wo sítóòfù. Bí ẹnì kan bá kí i, á rò pé ẹni náà ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ sílé Alásè. Bàbá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn.

“Ọmọ mi, wọlé. Ó ní ẹ fún òun ní ìsinmi, ẹ ṣeun. Ó ti ń ṣiṣẹ́ jù.”

Oníkíndìnrín kò mọ ibi tó máa fojú sí. Alásè jáde sí i, wọ́n sì dúró lẹ́bàá ọgbà.

“Jọ̀ọ́, dárí jì mí,” ó ní. “Mo ti tún un wò. Iṣẹ́ rẹ pé. Ojú ń tì mí, n ò lè sùn.”

“Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi pé.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni.” Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló dun Oníkíndìnrín. “Gbangba lo ti ba orúkọ mi jẹ́. Ìdí ọgbà lo wá fẹ́ ti tún un ṣe?”

Oníkíndìnrín ṣẹ́rí padà. Ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo láàbù péjọ fún ìpàdé, ó dìde, ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì. “Èmi ni mo lo jẹ́lì ní tútù. Alásè kọ ọ́ sórí rẹ̀, n ò kà á. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì purọ́ mọ́ ọn.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò pariwo. Ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn àlejò, kó sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò lọ fi ẹ̀rọ náà hàn nínú àpérò ọdún yẹn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ni. Lẹ́yìn náà ló pe Alásè padà, ó sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn.

Alásè padà sídìí ìkòkò, ṣùgbọ́n “ẹ̀gbọ́n” ló tún ń pè é. Oníkíndìnrín ń bá a fọ ìkòkò, kò sì bèèrè nǹkan kan. Ó tó oṣù méjì kí Alásè tó tún yọ ọ́ lẹ́nu.

“Ẹ fi kànrìnkàn ha ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa sọ pé èmi ni mo dọ̀tí rẹ̀.”

Oníkíndìnrín rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. “Alásè, mo fẹ́ kó o fẹ́ mi. Mo mọ̀ pé n kò yẹ lẹ́ni tó ń bèèrè.”

Alásè da omi inú ìkòkò nù. “Bàbá mi ṣì rò pé ìsinmi ni mo lọ. Lọ sọ fún wọn fúnra rẹ. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, kí o wá bèèrè mi.”

Láàbù rọrùn ju yàrá bàbá náà lọ. Bàbá yìí ń pè é ní ọmọ, kò sì fura sí nǹkan kan. Oníkíndìnrín dúró, kò gbà láti jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan bo èkejì. Alásè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

“Obìnrin kan kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí,” ó ní nígbà tó yá. “Mo gé aṣọ ìyàwó oníbàárà kan kúrú. Mo ní ọmọṣẹ́ náà ló gé e. Mo lé e lọ, ó ń sunkún.”

“Ẹ ò sọ fún mi rí, Bàbá,” ni Alásè wí.

“N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá a lọ sílé, wọ́n ti kó lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí, mo ṣì ń wojú àwọn obìnrin lójú pópó bóyá òun ni.” Ó gbé awò náà wọ̀, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà. “Ìwọ rí tìrẹ bẹ̀.”

Alásè dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó kọ́kọ́ lọ di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì na ọwọ́ kejì sí Oníkíndìnrín.

“Bèèrè,” ó ní. “Àwa méjèèjì ń gbọ́.”