Ìlà Aláwọ̀ Ewé

Ìjà ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Iṣẹ́ mi, ní ibùdó tí a ti ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀ lórí òkè kan, ni kí n máa pín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, bí ìtẹ̀ka ọmọ ènìyàn. Òun la fi ń mọ ohun tó wà níbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Lóṣù yẹn, mo rí ìlà aláwọ̀ ewé kan nínú ìmọ́lẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Ọ̀gá mi ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ kéde rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo fi gíláàsì kékeré tí mo fi ń pín ìmọ́lẹ̀ wo pátákó oníná tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ òkè wa. Ìlà mi ló jókòó síbẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan ń tẹ ọ̀pá gíláàsì lórí iná. Ó ní gáàsì mákúrì ló wà nínú pátákó náà, àti pé ọjọ́ kìíní oṣù lòun bẹ̀rẹ̀ sí í tan án. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìlà mi yọ.

"Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Ìmọ́lẹ̀ pátákó yín ló ń wọ inú awò wa," ni mo wí.

"Àǹtí, ẹ ò tíì kí èèyàn, ẹ ti ń jà. Ẹ jẹ́ ká pa á ná, ká wo ohun tó máa ṣẹ́ kù."

Ó pa á, ó sì bá mi gun òkè. Ìlà ńlá náà pòórá. Ṣùgbọ́n níbi tó ti bò mọ́lẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan wà, ti ọ́síjìn, tó ti sún kúrò ní àyè rẹ̀ síhà pupa. Mo pè é wá wò ó. Mo ṣàlàyé fún un pé sísún yẹn ló ń sọ bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà ṣe ń sáré jìnnà sí wa tó.

"Èmi ò lọ ibì kankan ní tèmi," ló fèsì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òótọ́ la kéde. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn. N kò fi àkókò ṣòfò lórí iyèméjì.

Nígbà tí a ní a fẹ́ fẹ́ra, Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Màmá bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní n kò ní ṣègbéyàwó láìsí àṣẹ rẹ̀, n kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà nírọ̀lẹ́ kan láti lọ lé ọkùnrin náà lẹ́yìn mi. Màmá ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Bàbá bá pátákó ní pípa, ó bèèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà ní bí òun bá tan án, ọmọ wọn kò ní rí ìràwọ̀ wò lórí òkè.

"Àwọn oníbàárà ńkọ́?"

"Wọ́n ń kọjá lọ, Bàbá."

Bàbá padà sílé.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo bá Bàbá lórí àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń fi ọ̀dà funfun kọ pátákó onígi, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi ń kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un. Ó ní kò yẹ kí iṣẹ́ gidi ṣòfò nítorí pé kò ní àmì. Mo kà á: ONÍṢẸ́ GÍLÁÀSÌ ÀTI ÌYÀWÓ RẸ̀.

"Bàbá, a ò tíì ṣègbéyàwó."

Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ tètè ṣe é. Ọ̀dà ti ń gbẹ."